Gbà Á Sílẹ̀, Gbọ́ Ọ, Pa Á Rẹ́: Bí A Ṣe Ń Fi Ohùn Ṣètò Iṣẹ́ Òòjọ́

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ẹ̀gẹ́ tó ń bó kò lè mú bíírò. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà láti Ìyàrá sí Kàbà kò lè ṣí ìwé. Ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ máa ń bá èèyàn. Ọmọ á pè láti Ìlọrin pé owó oúnjẹ ti tán. Ará oko á ní oògùn igbó kò ju ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì lọ mọ́. Ẹni tó fẹ́ ra kàṣú á dá iye kan, á ní kí ẹ ronú sí i kó tó di ọjọ́ ọjà. Tó bá fi máa di alẹ́, ìdajì rẹ̀ ti bọ́ lórí.

Fóònù inú àpò yín lè bá yín gbé gbogbo rẹ̀ dúró, títí kan ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé, nítorí gbígba ohùn sílẹ̀ kì í jẹ dátà. Ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Ní 1877 ni Thomas Edison ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó lè gba ohùn sílẹ̀ kó sì sọ ọ́ padà. Nígbà tó di 1878, tó ń ka ohun tí wọ́n lè fi ẹ̀rọ náà ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà sísọ sínú ẹ̀rọ láìsí akọ̀wé ló fi ṣáájú. Orin tí gbogbo ayé padà mọ̀ ọ́n mọ́, ipò kẹrin ló wà.

Àmọ́ kí n tètè sọ ibi tí iṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀, díẹ̀ ló ń gbọ́ ọ padà. Ẹ yẹ fóònù wọn wò, ẹ óò bá ogójì ohùn tí kò lórúkọ níbẹ̀, tí olúwa rẹ̀ kò sì rántí ohun tó wà nínú ẹyọ kan. Ohùn tí a kò gbọ́ padà kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí a bá ògiri sọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ń kánjú, ẹ fo àwọn ìgbésẹ̀ tó ṣáájú, kí ẹ lọ ka ìkarùn-ún dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú ibì kan ṣoṣo

Bí ohùn kan bá wà nínú WhatsApp, tí òmíràn wà nínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ fóònù, tí ẹ̀kẹta wà nínú fóònù kékeré tí ẹ fi ń pe oko, ẹ óò pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ mú ọ̀kan.

Fún ẹni tó ní Android tàbí iPhone, WhatsApp ni mo máa ní kó mú, nítorí ojoojúmọ́ lẹ ń ṣí i tẹ́lẹ̀. Láti ìparí 2022 ni wọ́n ti fi ààyè sílẹ̀ kí èèyàn lè ránṣẹ́ sí ara rẹ̀. Ẹ tẹ ibi tí ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tuntun, orúkọ yín á wà lókè, wọ́n á kọ "Message yourself" sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ara yín kó lè dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ padà síta, ẹ tẹ orúkọ yín mọ́lẹ̀ títí àmì ìṣó kékeré á fi yọ lókè; lórí iPhone, ẹ fa orúkọ náà sápá ọ̀tún. Ẹ tẹ ìṣó yẹn. Láti ìgbà náà lọ, òkè pátápátá ni yóò máa wà, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àti ti ìjọ kò ní lè tì í sísàlẹ̀.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí lóko, kò burú. Ẹ gbà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmì aago kékeré á wà lára rẹ̀ títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi dé. Ẹ sì lè gbọ́ ọ lórí fóònù yín kó tó lọ.

Fún fóònù kékeré títẹ̀, ẹ wọ inú Menu, ẹ wá Multimedia tàbí Extras, ẹ óò rí Recorder tàbí Sound recorder. Ọ̀pọ̀ wọn kò lè gba ohun púpọ̀ àfi tí mẹ́mọ́rì káàdì bá wà nínú wọn, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo ìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má fojú tẹ́ńbẹ́lú fóònù yìí o. Bátìrì rẹ̀ lè dúró fún ọjọ́ mélòó kan, ìyẹn sì ṣe pàtàkì níbi tí iná kì í ti í dúró.

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó bá fóònù ńlá wá, ẹ fi í sílẹ̀ fún ohun tó gùn: ìpàdé ẹbí, àgbà tó ń ṣàlàyé ààlà ilẹ̀, àti ohun tí mo máa sọ ní ìgbésẹ̀ kẹfà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo bí ó ṣe tóbi tó

Èyí kò gùn. Ohùn tí WhatsApp ń gbà kéré púpọ̀, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ló yẹ kí ẹ wò. Ẹ ṣí Settings rẹ̀, ẹ wo irú fáìlì tó ń ṣe. Bó bá jẹ́ WAV, ìṣẹ́jú kan lè gba bíi 5 MB, ìyẹn 300 MB fún wákàtí kan. MP3 lásán ń gba nǹkan bíi 1 MB fún ìṣẹ́jú kan. AMR tó wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù kékeré kì í tó 100 KB. WAV dára fún olórin. Ẹni tó fẹ́ rántí pé kó ra ìṣó àti páànù kò nílò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí ẹ ṣe máa sọ ọ́

Ọ̀rọ̀ kan, ohùn kan. Bí nǹkan mẹ́rin bá wà lọ́kàn yín, ẹ gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ óò parí ọ̀kan ṣáájú èkejì, ẹ kò sì lè pa ìdajì ohùn rẹ́.

Orúkọ ọ̀rọ̀ náà ni kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ọjọ́ rẹ̀, iye rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohùn tí kò dára:

"Ẹ̀ẹ̀... kí n má gbàgbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn o. Ó ní lọ́la. Àbí kí n kọ́kọ́ pè é ná. Àti owó yẹn pẹ̀lú."

Ọkùnrin wo? Lọ́la wo? Owó èwo? Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ẹni tó sọ ọ́ gan-an kò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ wá gbọ́ èyí:

"Télọ̀ ẹ̀yìn garáàjì. Lọ gba aṣọ ọmọ. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta. Owó tó kù, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà. Mo tún sọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Mú àjẹkù aṣọ bọ̀."

Kò tó ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ó pe ẹni náà, ó pe ọjọ́, ó sì pe owó lẹ́ẹ̀mejì, torí ariwo ọjà lè jẹ "mẹ́rin" kó dà bíi "mẹ́rìnlá".

Ẹ má sọ "lọ́la", ẹ má sọ "ọ̀túnla", ẹ má sọ "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀". Ohùn kì í bá ọjọ́ rìn. "Lọ́la" tí ẹ sọ lọ́jọ́ Ajé, bí ẹ bá gbọ́ ọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ọjọ́rú lẹ máa lọ kan ilẹ̀kùn. Ẹ pe ọjọ́ lórúkọ, kí ẹ fi déètì tì í. Bó bá sì jẹ́ Mọ́ńdè ló yá yín lẹ́nu ju ọjọ́ Ajé lọ, ẹ pè é ní Mọ́ńdè. Kò sí olùkọ́ níbẹ̀ tó máa máàkì yín.

Èyí ló mú mi dé ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ ohùn yìí. Púpọ̀ nínú wa tó ń sọ Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú tàbí Ọ̀wọ̀rọ̀, àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá ti ìpínlẹ̀ Kogí, nílé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa ní ìwé kíkọ. Bí a bá fẹ́ kọ Yorùbá, ti ìwé la máa ń kọ, àmì orí àti ìsàlẹ̀ sì tún ń dá wa dúró. Ohùn kì í béèrè gbogbo ìyẹn. Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún àbúrò yín nínú ilé ni kí ẹ sọ ọ́ fún fóònù. Ẹ má ṣe bí oníròyìn rédíò. Ẹnu tó bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá ìwé máa ń gbàgbé iye owó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ibi tí ẹ dúró sí

Ihò kékeré tó ń gbọ́ ohùn yín, ìsàlẹ̀ fóònù ló wà lórí ọ̀pọ̀ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ti ń ṣájì. Ẹ má fi ìka dí i. Ẹ jẹ́ kó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹnu. Bó bá súnmọ́ jù, èémí á máa fẹ́ lù ú. Bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, kí ara yín dí i fún fóònù. Ẹ kúrò nídìí ẹ̀rọ ìlọta kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà létí títì, kó jẹ́ kí tírélà sìmẹ́ǹtì tó ń bọ̀ láti Ọbájànà kọjá ná. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà fúnra rẹ̀, kó dúró. Mi ò rò pé ìyẹn nílò àlàyé.

Lórí WhatsApp, bí ẹ kò bá fẹ́ tẹ fóònù mọ́lẹ̀ títí ẹ óò fi sọ̀rọ̀ tán, ẹ tẹ àmì ohùn, kí ẹ fà á sókè, yóò tì pa, ọwọ́ yín á sì gbòmìnira. Ẹni tó ń ka àpò, tàbí tó ń wọn kàṣú lórí ìwọ̀n, á mọ ìwúlò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: gbígbọ́ rẹ̀ lálẹ́

Ẹ wá ohun tí ẹ kì í ṣàì ṣe lálẹ́, kí ẹ so ó mọ́ ọn. Lẹ́yìn oúnjẹ. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi fóònù síbi iná. Lẹ́yìn àdúrà. Ẹ má kàn sọ pé "nígbà tí mo bá ráyè", torí ààyè kì í wá fúnra rẹ̀.

Ẹ ṣí i láti ti àárọ̀ wá sí ti ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá ń tẹ ohùn lórí WhatsApp, ẹ óò rí 1x lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ ẹ́, á di 1.5x, ẹ tún tẹ ẹ́, á di 2x. Ohùn tiyín ni, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, 1.5x tó. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ odidi ọjọ́ kan á ti tán.

Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ̀kan tán, ẹ má bọ́ sórí èkejì títí ẹ óò fi ṣe ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta yìí sí i.

Bó bá jẹ́ ohun tí kò ju ìpè kan lọ, ẹ pe ẹni náà nísinsìnyí, kí ẹ pa ohùn rẹ́.

Bó bá ní ọjọ́, ẹ gbé e lọ síbi tí ọjọ́ wà: àláàmù, kàlẹ́ńdà fóònù, tàbí kàlẹ́ńdà bébà tó wà lára ògiri pálọ̀. Bébà kò burú rárá. Ìlà kan péré ni kí ẹ kọ: "Télọ̀, 14, 4,000." Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ohùn náà mọ́lẹ̀, kí ẹ fi àmì ✅ sí i, kí ẹ mọ̀ pé ó ti dé ibi tó yẹ. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣe é tán ni kí ẹ pa á rẹ́.

Bó bá jẹ́ ariwo lásán, ìbínú, tàbí ohun tó ti kọjá, ẹ pa á rẹ́ láìwo ẹ̀yìn.

Ìgbọ́ yìí kì í ṣe ìgbà iṣẹ́ o. Ẹni tó bá tìtorí ohùn kìíní dìde lọ wá kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù, kò ní padà wá gbọ́ èkejì. Àyàfi ìpè kúkúrú, ẹ jókòó síbẹ̀ títí yóò fi tán.

Ohùn tó bá sì sùn níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹ ń gbọ́ ọ lálaalẹ́ tí ẹ kò ṣe é, ẹ bi ara yín léèrè bóyá ẹ fẹ́ ṣe é rárá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo rí i pé ohun tí ẹlòmíràn fẹ́ kí a ṣe ni, a kò kàn lè sọ fún un pé rárá.

Àwọn kan á béèrè pé ṣé fóònù kò lè kọ ohùn náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. WhatsApp bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ ní ìparí 2024, àmọ́ Yorùbá kò sí lára èdè tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lórí Android. Kí ló wá kù fún ẹni tó ń sọ Owé kíjikíji? Etí yín ni kí ẹ fi ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ rí ohùn kan kíákíá lọ́jọ́ iwájú, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sábẹ́ rẹ̀, bíi "kàṣú" tàbí "òrùlé". WhatsApp kò lè wá inú ohùn, ṣùgbọ́n yóò rí ohun tí ẹ tẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àláàmù tó ń sọ̀rọ̀

Èyí ni mo máa ń kọ́ àwọn èèyàn tí wọ́n fi màmá tàbí bàbá wọn sílẹ̀ nílé, ní Mọ̀pà tàbí Ìsánlú, tí àwọn fúnra wọn wà l'Ábújá. Àláàmù tó ń pariwo lásán kì í ràn àgbà lọ́wọ́. Á dún, wọ́n á pa á, wọ́n á ní "kí ló tún fẹ́?" Ṣùgbọ́n bí àláàmù náà bá jẹ́ ohùn ọmọ wọn, tó ń dárúkọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Ẹ fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ṣe é lórí fóònù Màmá gan-an, nígbà tí ẹ bá wálé. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀:

"Màmá, ẹ kú alẹ́ o. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti tó lò. Ẹyọ kan, funfun, inú ike olómorí búlúù. Ẹ jẹun kí ẹ tó lò ó. Ẹ ṣeun, Màmá."

Ohun tí dókítà kọ ni kí ẹ sọ, ẹ má fi tiyín kún un. Ẹ fi ohùn náà pamọ́, kí ẹ fún un lórúkọ, bíi "oògùn alẹ́". Nísinsìnyí, ẹ ṣí Clock, ẹ ṣe àláàmù tuntun, ẹ mú aago tó yẹ, ẹ sì tẹ gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Níbi orin àláàmù náà, ẹ lọ sísàlẹ̀ tàbí sókè, ẹ óò rí "Add new" tàbí ohun tó jọ ọ́. Ẹ tẹ ẹ́, ẹ wá "oògùn alẹ́", ẹ mú un. Ó parí. Lórí Android ni èyí ti rọrùn. Ti iPhone ní wàhálà díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í gba ohùn lásán gẹ́gẹ́ bí orin àláàmù.

Nǹkan mẹ́ta ló lè bà á jẹ́. Ọ̀kan ni pé ariwo àláàmù yàtọ̀ sí ariwo ìpè, ẹ gbé tirẹ̀ náà sókè nínú Settings. Èkejì, bí fóònù bá kú, ọ̀pọ̀ Android kì í dún, nítorí náà ẹni tó wà nílé pẹ̀lú wọn gbọ́dọ̀ máa rí i pé ó ní iná lálẹ́. Ẹ̀kẹta, kí ẹ dúró tì wọ́n títí yóò fi dún lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó wọkọ̀ padà. Ẹ wò ó bóyá wọ́n gbọ́ ohun tó sọ, ẹ sì wò ó bóyá wọ́n mọ bí a ṣe ń pa á. Bàbá mìíràn á dáhùn pé "ẹ kú alẹ́, ọmọ mi", á máa bá fóònù sọ̀rọ̀ lọ. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, kó ṣáà lo oògùn.

Ọ̀nà kan náà lẹ lè gbà fi ṣe àláàmù òwúrọ̀ tiyín: "Dìde. Ìpàdé òbí ni òní. Owó wà nínú báàgì dúdú."

Ìgbésẹ̀ keje: ọjọ́ ọjà

Fóònù mọ ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Ọjà ọrọọrún kò tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá fẹ́ fi ọjọ́ ọjà sínú kàlẹ́ńdà máa ń kọ ọjọ́ márùn-ún, lẹ́yìn ọjà méjì gbogbo rẹ̀ á ti dàrú. Ìdí ni pé àwa máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn, fóònù kì í kà á. Bí ọjà bá ná lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ló tún kàn, lẹ́yìn náà ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ ka àlàfo àárín wọn: ọjọ́ mẹ́rin ni fóònù máa rí.

Nínú Google Calendar, ẹ ṣe ohun tuntun kan lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Níbi tí wọ́n kọ "Does not repeat" sí, ẹ tẹ ẹ́, ẹ mú "Custom", ẹ kọ 4, ẹ mú "day". Títí ayé ni yóò máa bá ọjà yín lọ. Ẹni tí ọjà tirẹ̀ kì í ṣe ti ọrọọrún, kó ka àlàfo tirẹ̀ lọ́nà kan náà. Ọjọ́ ìtàdógún fún ẹgbẹ́ àjọ, 16 ni ẹ máa kọ.

Bí èyí bá ti wà níbẹ̀, ẹ lè máa dárúkọ ọjà nínú ohùn yín pẹ̀lú déètì rẹ̀, "ọjà tó bọ́ sí ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí", kí ẹ sì gbé e lọ síbẹ̀ lálẹ́.

Ohùn ìrántí yàtọ̀ sí ohùn ìpamọ́

Nínú oṣù kejì sí ìkarùn-ún, tí kàṣú bá ń já, ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ àwọn ará oko lè gba ogún ohùn sílẹ̀ ní òwúrọ̀ kan. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe, àkọsílẹ̀ ni wọ́n. Ohùn kan fún ẹni kan: orúkọ, ibi tó ti wá, iye kílò, iye owó, èyí tí ẹ san, èyí tó kù. Ẹ sọ bóyá ó gbẹ tàbí ó tutù, torí kàṣú tutù máa ń fúyẹ́ sí i bó bá ti ń gbẹ, iye tí ẹ wọ̀n lóko sì lè yàtọ̀ sí iye tí ẹ máa wọ̀n ní Lọ́kọ́ja. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kó wọ ìwé. Ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì, nítorí ogún ohùn òní á pàdé ogún ohùn ọ̀la.

Àwọn ahunṣọ Ògìdì àti Bùnú á rí ìwúlò ti ìpamọ́ jù. Ẹni tó jókòó sídìí òfì, tí oníbàárà fẹ́ irú aṣọ kan náà tó hun lọ́dún tó kọjá, lè ka ìtẹ̀léra òwú sínú fóònù bó ti ń ta á: "Pupa mẹ́rin. Dúdú méjì. Funfun kan. Dúdú méjì. Padà sí pupa." Kó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kó sinmi láàárín àwọ̀ méjì, kó bàa lè máa ta òwú bó ti ń gbọ́ ọ lọ́jọ́ mìíràn. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti WhatsApp. Ẹ fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ gbà á, ẹ fún un lórúkọ aṣọ náà, ẹ ya àwòrán aṣọ pẹ̀lú, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: rírán ẹlòmíràn níṣẹ́

Ohùn kan fún ohun kan ló ṣì jẹ́ níbí, ibí gan-an ló sì ti ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ bá fi ohùn oníṣẹ́jú márùn-ún ránṣẹ́ sí bíríkìlà, pẹ̀lú ìkíni, ẹjọ́ oníyanrìn, bí òjò ṣe rọ̀ lánàá, àti iye sìmẹ́ǹtì láàárín wọn, iye sìmẹ́ǹtì ni kò ní gbọ́. Ẹ kí i nínú ohùn kan. Ẹ sọ ti sìmẹ́ǹtì nínú òmíràn. Kó fi ohùn dáhùn sórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó máa pe iye náà padà fún yín. "Mo ti gbọ́" nìkan kò tó.

Àgbà ni kí ẹ kí tán pátápátá kí iṣẹ́ tó kàn. Ẹ má tìtorí ìkánjú sọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n bíi pé ẹ ń pàṣẹ. Ohùn ń gbé ìwà lọ ju lẹ́tà lọ, wọ́n á sì lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ọmọ tí ẹ rán lọ sọ́jà pẹ̀lú fóònù, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohùn náà níwájú yín kó tó lọ, kó sì ka nǹkan tó wà nínú rẹ̀ padà.

Ohun tí kò yẹ kó wọ inú ohùn

Nọ́ńbà PIN, BVN, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí báńkì fi ránṣẹ́, nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì ATM: rárá. Orúkọ ẹni tó jẹ yín lówó pẹ̀lú èébú: ẹ fi sílẹ̀, ìka kan péré ló yà á sọ́tọ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ gbogbo ìdílé. Kí ẹ tó fi ohùn ránṣẹ́ sí ara yín, ẹ tún wo orúkọ tó wà lókè.

Bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀, ẹ sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó tẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ogún pàápàá. Ẹni tó bá gbọ́ lẹ́yìn pé wọ́n ń gba ohùn òun sílẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ kò ní sọ òótọ́ níwájú yín mọ́, ó sì lè di ẹjọ́.

Ìgbálẹ̀ ìparí oṣù

Ẹ ṣí Settings WhatsApp, ẹ wọ Storage and data, lẹ́yìn náà Manage storage, ẹ óò rí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ààyè jù. Ti ara yín kì í sábà wà lókè, fídíò ẹgbẹ́ ló máa ń wà níbẹ̀. Ẹ pa ìyẹn rẹ́. Ẹ lọ sí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ẹ gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ohùn tí kò lórúkọ, kí ẹ fún un lórúkọ tàbí kí ẹ pa á rẹ́. Èyí tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ títí, bíi ohùn àgbà lórí ààlà oko, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó mọ nípa ilẹ̀ náà.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ta fóònù àtijọ́, tàbí kí ẹ fún ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ yọ mẹ́mọ́rì káàdì kúrò lára rẹ̀ ná, kí ẹ sì nu inú fóònù náà mọ́ pẹ̀lú "Factory reset". Pípa fáìlì rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kò tó, torí àwọn alágbàtúnṣe mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e padà.